Níbo Ni Iṣẹ́ Dókítà Ọmọdé Wà ní Èkó?

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní iṣẹ́ tó wà fún dókítà ọmọdé ní ìlú ńlá tó ń gbòòrò sí i. Èkó ni ìlú ńlá tí mo mọ̀, òun náà ni màá sọ. Ta ni dókítà ọmọdé? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, tó ṣe ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá, tó ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, tó tún wá padà lọ kọ́ ìtọ́jú ọmọdé títí tó fi yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àgbà oníṣègùn tó wà ní Ìjànìkín tàbí ti West African College of Physicians. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìlú náà ńkọ́? Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwa ará Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn náà kà wá, a ju 17,000,000 lọ. Wọ́n ṣì ń bá a fà á. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò jiyàn lé lórí ni ibi tí ìlú ń gbà fẹ̀: Ìkòròdú, Alímọ̀ṣọ́, Ọjọ́ọ̀, Ìbẹ̀jù-Lẹ́kìí. Ibẹ̀ ni àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ ń kó lọ, nítorí pé owó ilé ṣì rọjú díẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sì kó lọ ni wọn yóò ti bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀dọ́ dókítà ọmọdé léèrè ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ óò gbọ́ Ìkòyí, ẹ óò gbọ́ Lẹ́kìí, lẹ́yìn náà ni Lọ́ńdọ̀nù.

Iyàn àtijọ́ kan

Iyàn kan wà láàárín àwa oníṣègùn tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ yín lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní dókítà tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ kò ní nǹkan í wá lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní kí ó jókòó sí ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà tàbí ti Ìkẹjà, kí wọ́n máa gbé ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti le wá bá a. Mi ò gbà fún wọn rí, mi ò sì ní gbà fún wọn lónìí tí ẹ fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó kọ́ni ní Ìdí-Àràbà, kò gbà fún wọn náà. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ilé ìlera kéékèèké tó wà nítòsí àwọn ènìyàn ló gbájú mọ́ títí tó fi kúrò nípò ní 1992. Kí òun tó dé, ní nǹkan bí 1956, òyìnbó dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley wà ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Kò dúró sí Iléṣà kí wọ́n máa gbé ọmọ wá. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ó dá kíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó sì fi káàdì kan lé àwọn ìyá lọ́wọ́ tí wọ́n á fi máa rí i bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Káàdì yẹn rin ayé já. Èyí tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì fi ń wọn ọmọ lónìí, ará Ìmẹ̀sí ni.

Wọ́n á ní ìlú kékeré ni Ìmẹ̀sí, pé Èkó yàtọ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn jáde ní Ìjẹ̀gùn lóru, nínú òjò.

Ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo. Mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀jẹ̀ inú ara ọmọ tuntun ń gbó, ó ń fọ́. Ohun aláwọ̀ ìyeyè kan ń jáde láti inú rẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ yẹ kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò tíì gbó tó. Ojú ọmọ á pọ́n, ara rẹ̀ á pọ́n. Ìyẹn ni ibà pọ́njú. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, yóò lọ fúnra rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi wọ ọpọlọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá kú, ó lè di adití, ó sì lè dàgbà láìlè dá jókòó.

Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń bí tí èròjà kan tí ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì pọ̀ lára ọmọkùnrin ju obìnrin lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pàdé káńfọ̀, ìyẹn àwọn róbótó funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wìtìwìtì. Ẹ wá sọ fún mi, ilé ta ni kò sí àpótí tí ìyá àgbà kó aṣọ ọmọ àkọ́kọ́ sí, tó da káńfọ̀ lé lórí? Ọjọ́ ìkómọjáde ni wọ́n á ṣí i. Òórùn á gba gbogbo pálọ̀, àwọn àlejò á ní ilé mọ́ tónítóní.

Bí ojú ọmọ bá wá pọ́n, ọ̀kan á ní kí wọ́n fún un ní omi glúkóòsì, èkejì á ní omi ìbẹ́pẹ dúdú, ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n sá a sí oòrùn àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta á lọ báyìí. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká kọ́rọ́. Tó bá dé lásìkò ni, abẹ́ iná aláwọ̀ aró là bá tẹ́ ẹ sí. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, a óò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àìsàn tí apá ká ni.

Àǹtí tó ń fi fóònù ká ohùn mi sílẹ̀ níwájú yìí, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ibi káńfọ̀ yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ yín.

Iná aláwọ̀ aró náà ni wàhálà, nítorí iná mànàmáná kì í dúró. Dókítà Bolajoko Olusanya, tó ti ṣiṣẹ́ lórí etí àti ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Èkó fún ìgbà pípẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe ìwádìí kan ní Island Maternity. Wọ́n ta àgọ́ tí ọ̀rá rẹ̀ ń sẹ́ oòrùn: ìtànṣán tó ń jó ara kò ní ráyè wọlé, èyí tó ń wo ibà pọ́njú á wọlé. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2015: àgọ́ náà kò rẹ̀yìn sí iná mànàmáná. Ní Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe é o! Ẹ má sì lọ sílé lọ sá ọmọ sí oòrùn kí ẹ ní ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ ọ́. Ọ̀rá yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà, àti nọ́ọ̀sì tó ń wo ara ọmọ bóyá ó ń gbóná jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà, ṣé ẹ rí iṣẹ́ báyìí? Ẹni tó bá kọ́ ìtọ́jú ọmọ tuntun, tó bá àwọn ilé ìgbẹ̀bí Alímọ̀ṣọ́ ṣe àdéhùn láti máa wo gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó ní iná aláwọ̀ aró àti sólà, kò ní ráyè sùn. Ẹ wo Alímọ̀ṣọ́ fúnra yín, kí ẹ ka iye dókítà ọmọdé tó wà níbẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ yòókù

Alága ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi pé àkókò ń lọ. Mo gbọ́, sà.

Fòníkú-fọ̀la-dìde, ìyẹn sickle cell: nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n fojú bù pé a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n irú àwọn ọmọ tó máa ń kú tẹ́lẹ̀ ti ń dàgbà báyìí, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn títí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ní wárápá, ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní àbùkù láti inú oyún. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ lọ jàra, díẹ̀ ló ní dókítà.

Owó

Òtítọ́ ni pé àpò òbí ni owó ìtọ́jú ti ń jáde, àpò náà sì ti gbẹ. Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan, Ìlera Èkó, ètò ti ìpínlẹ̀ wa, sì wà níbí. Ẹ bá wọn forúkọ sílẹ̀. Ẹ má dá nìkan dá ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta-mẹ́ta ẹ pawọ́ pọ̀, kí ẹ jọ ra jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì pín òru láàárín ara yín.

Mi ò bú ẹni tó já pa. Àwọn ọmọ mi náà wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba jókòó síbí, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ iṣẹ́ mi délé: dókítà ọmọdé tó bá gbà láti lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, ẹ fún un ní ilé gbé, ẹ san owó oṣù rẹ̀ lásìkò, kí ẹ sì rí i pé iná kò kú lórí ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀.