Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Aláìlẹ́gùn-ún ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún wa)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó lè ṣe ilé wa láǹfààní. Ẹ ti gbọ́ ohùn mi tó lórí owó oṣù àti àwọn tó yáwó tí wọn ò dá a padà. Lónìí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páínápù, pàápàá irú rẹ̀ tí ewé rẹ̀ kò lẹ́gùn-ún, àti bí a ṣe lè gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tó ń ta èso lọ́jà ló fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn bí wọn ò ṣe ní ra èso mọ́! Ìyá wa kan bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ ti ìsọ̀ rẹ pa ni?" Ìbéèrè gidi ni. Màá dáhùn rẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ á rántí ìgbà tí mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, tí mo fi ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó 300 lóko. Ọkọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹrù mi lo ọjọ́ méjì gbáko nínú oòrùn. Nígbà tí a já a, ti òkè pọ́n dẹ̀dẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ti di omi. Èyí tí mo rí tà nínú rẹ̀, àwọn oníbàárà ń gbé e padà wá bá mi, wọ́n ní ara rẹ̀ pọ́n lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi san gbèsè náà. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn kì í ṣe owó nìkan. Mo ń bi ara mi pé, báwo ni ohun tó pọ́n tó báyìí ṣe lè kan?

Ìgbà tí mo bá àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀gbìn sọ̀rọ̀ ni ó tó yé mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bẹ́ ní tútù máa ń pọ́n nílé, ó sì máa ń dùn, nítorí pé ó ti tọ́jú oúnjẹ sínú ara rẹ̀ bí ẹni tó dá àjọ. Bó bá ń pọ́n, àjọ yẹn ló ń kó, òun ló ń di ṣúgà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í dá àjọ ní tirẹ̀. Owó ojúmọ́ ló ń jẹ. Adùn rẹ̀ ń ti ara ìyá rẹ̀ wá lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ẹ bá sì ti gé e kúrò lára ìyá, adùn ti parí síbẹ̀. Awọ rẹ̀ lè máa yí sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àtẹ, òórùn rẹ̀ lè máa ta sánsán, ṣùgbọ́n kò ní dùn ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Èyí tó bá sì fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní láti gé e kí adùn rẹ̀ tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jẹrà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí bí tèmi tí mo ń tà lọ́jà ṣe lè dùn tó èyí tí ẹ fi sílẹ̀ kó gbó dáadáa lẹ́yìnkùlé. Èmi tí mo ń tà á ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kábáìdì ti wọlé. Àwọn kan ń fi í sáàárín èso kí ó lè tètè pọ́n. Awọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kò fi ṣúgà kankan kún ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Májèlé bíi arsenic máa ń wà nínú kábáìdì, NAFDAC sì ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ̀yin tí a jọ ń ta èso, bí ẹni tó ń kó ọjà fún yín bá ní òun máa bá yín fi sí i, ẹ kọ̀ ọ́. Àwọn ará Benin tí wọ́n múlé tì wá náà kàn án lápò: ní ọdún 2016, fúnra wọn ni wọ́n dá ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń mú awọ rẹ̀ pọ́n ti pọ̀ ju ohun tí òfin ibẹ̀ gbà lọ. Ẹ sì wò ó, àwọn kan náà ló ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre ní agbègbè Allada, tí awọ rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ síbẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn bí oyin. Ní 2021 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí pé orúkọ yẹn ti di ti agbègbè wọn. Nítorí náà, oníbàárà tó ń fi àwọ̀ nìkan ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀gún. Ìyá mi gbin ẹlẹ́gùn-ún yí ààlà ilé wa ká nígbà tí a wà ní kékeré, nítorí ewúrẹ́. Ó ṣiṣẹ́, ewúrẹ́ kò jẹ́ wọlé. Èmi náà sì gbìn ín bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kọ́lé tiwa. Lọ́jọ́ kan ọmọ ọmọ mi sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó ṣubú lé e lórí. Ewé ya á lábẹ́ ojú, díẹ̀ báyìí ló kù kó bá ẹyin ojú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni Bàbá wọn mú àdá, tí wọ́n bẹ́ gbogbo rẹ̀ dànù, mi ò sì lè sọ pé kí wọ́n má bẹ́ ẹ. Ilé tí ọmọ ń sáré nínú rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti gbin ẹlẹ́gùn-ún.

Èyí tí kò lẹ́gùn-ún yìí, Smooth Cayenne ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni gbogbo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ṣẹ̀ wá. Columbus àti àwọn èèyàn rẹ̀ rí i ní erékùṣù Guadeloupe ní 1493, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló sì gbé e káàkiri ayé, àwa náà ò sì gbàgbé láti fi òyìnbó kún orúkọ rẹ̀. Ní 1819 ni ọkùnrin kan, Perrottet, rí irú èyí tí ewé rẹ̀ ń dán ní Cayenne, ní ilẹ̀ Guyana ti Faransé. Ohun tó kàn wá ni pé tí ẹ bá fi ìka tọ́ etí ewé rẹ̀ láti ìdí lọ sókè, kò ní gún yín àfi ní ṣóńṣó orí, níbi tí ẹ̀gún kéékèèké díẹ̀ wà. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ kí ẹ tó sanwó. Nígbà mìíràn ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lè hùwà àtijọ́ kí ó hu ẹ̀gún. Ẹ fà á tu, kí ẹ má sì mú ọmọ lára rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìn ín kí n tó mọ̀ ọ́n gbìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ ni mo gbìn ín sí, mo ní omi ìwẹ̀ á máa bá mi bomi rin ín. Kò tó oṣù mẹ́ta tí àárín rẹ̀ fi ń rùn, ẹ fà á, ó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kórìíra ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ju ọ̀dá lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kó adé tí àwọn oníbàárà ń jù sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi. Ọ̀fẹ́ ni, inú mi dùn. Wọ́n hù dáadáa, ṣùgbọ́n adé lè lo ọdún méjì kó tó so, mi ò sì wo irú ìyá tí adé náà ti wá. Ìdajì rẹ̀ hu ẹ̀gún, mo tún padà sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo wá ra ọmọ, ìyẹn èyí tó ń yọ ní ìdí ìyá bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, lára èyí tí kò lẹ́gùn-ún. Ọmọ tó bá sanra máa ń so láàrin oṣù 15 sí 18.

Bí ẹ bá ti já ọmọ náà, ẹ má gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ ewé gbígbẹ tó wà ní ìdí rẹ̀ kúrò, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ìdí rẹ̀ kọjú sókè fún ọjọ́ mélòó kan, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ dára láti gbìn ín. Ẹ kọ ebè bí ilẹ̀ yín bá rẹlẹ̀. Kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí poro kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ má rì í wọlẹ̀ jù, kí ẹ sì ṣọ́ra kí yẹ̀pẹ̀ má bọ́ sí àárín rẹ̀ níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀. Tí yẹ̀pẹ̀ bá bo ọkàn, ó parí. Ọmọ méjìlá kò gbà ju ààyè ẹní kan lọ. Mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbin mẹ́rin, kí ẹ sinmi bí oṣù mẹ́rin, kí ẹ tún gbin mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ lè pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ máa wá ẹni tó máa bá yín jẹ ẹ́.

Omi kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ wàhálà, nítorí ewé rẹ̀ rí bí àrọ, ó ń gba ìrì àti òjò lọ sí ìdí. Àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ bù díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá dára ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ìdáná tí gbogbo wa ń dà sídìí ewébẹ̀, ẹ má dà á síbí. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó fẹ́, eérú sì ń pa ìkan náà. Èmi náà dà á, ewé mi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí ẹnìkan tó sọ fún mi.

Ọ̀tá rẹ̀ gidi ni kòkòrò funfun kan tó rí bí òwú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ewé. Kòkòrò yìí kì í dá rìn. Èèrà ló ń gbé e kiri, nítorí omi dídùn tó ń tọ̀ ni èèrà ń lá. Bí ẹ bá rí èèrà tó tò lọ tò bọ̀ lára rẹ̀, ẹ ṣí ìdí ewé wò. Ewé tó bá ti ń pupa tó sì ń rọ láti ṣóńṣó, ẹ hú u pẹ̀lú gbòǹgbò, kí ẹ gbé e jìnnà. Kí ẹ tó gbin ọmọ tí ẹ rà náà, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò, torí láti oko ni kòkòrò ti ń bá a wá.

Òtútù ọyẹ́ ló sábà máa ń ti òdòdó rẹ̀ jáde. Ẹ ó rí i tí ọkàn rẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà òdòdó kéékèèké aláwọ̀ elése àlùkò á yọ. Gbogbo ojú tí ẹ ń rí lára ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òdòdó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ ka bí oṣù márùn-ún. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìdí rẹ̀ bá ń pọ́n bọ̀ lókè, tí òórùn rẹ̀ sì ń pè yín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ dá a bò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ nítorí eku, kí ẹ tún fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ ló máa ń dùn ju orí lọ. Ẹ fi ìdí fún àlejò. Bí ẹ bá gé e tán, ọmọ á ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ìyá. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ kó so, kí ẹ já ìyókù.

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ bi mí léèrè, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mi ò ní parọ́. Àwọn oníbàárà mi méjì tí mo fún ní ọmọ ti ń jẹ tiwọn, wọn ò sì ra lọ́wọ́ mi bíi tàtijọ́. Ó ká mi lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin méjìlá, méjìlá ló máa jẹ láàrin ọdún kan ààbọ̀, ìyẹn ò lè ti ìsọ̀ pa. Àwọn méjèèjì yẹn ló sì ti rán ẹlòmíràn sí mi wá ra ọmọ. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè máa jí lọ pàdé ọkọ̀ èso láago mẹ́rin òru mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú yín. Ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó má bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ ẹ á sì wá bá mi nílé. Èmi ò mọ èso mìíràn tí mo lè jókòó tà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ dá sí ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni bóyá ká fi owó àpapọ̀ ra ọmọ aláìlẹ́gùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù san tirẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù. Ẹ lọ rò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò ní san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ní báyìí ná, ogún ọmọ wà lẹ́yìnkùlé mi tí mo ti wò ìdí wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ ni màá kọ́kọ́ fún, méjì méjì. Ẹni tó bá fẹ́, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí òjò tó dé, kó sì mú àpò tirẹ̀ wá, torí mi ò ní àpò.