OGÚN INÚ Ẹ̀JẸ̀: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ MỌ̀ KÍ YÌGÌ TÓ DÉ

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Araromi-Obu, Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, Ìpínlẹ̀ Ondo

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn láti ara akọ àti abo, tí Ó sì fi ìwọ̀n sí ohun gbogbo tí Ó dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ogún tí òbí ń fi sílẹ̀ kì í ṣe ilé àti oko nìkan. Ogún kan wà tí ọmọ ti gbà kí a tó bí i, tí ẹbí kò lè jókòó pín, tí ilé-ẹjọ́ kò sì lè yí padà. Ogún inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, Lárúbáwá oko kan wá sọ́dọ̀ Ànábì pé ìyàwó òun bí ọmọ dúdú. Ó ń fura sí obìnrin náà. Ànábì bi í léèrè àwọ̀ àwọn ràkúnmí rẹ̀. Ó ní pupa ni wọ́n. Ànábì tún bi í bóyá èyí tí ó dúdú bí eérú wà nínú wọn. Ó ní ó wà. Nígbà tí a bi í níbi tí ìyẹn ti wá, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé ó lè jẹ́ pé ìran àtẹ̀yìnwá kan ló fà á. Ànábì sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lè rí. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: a kò gbọdọ̀ fi ìfura ba obìnrin jẹ́, àti pé ohun tí kò hàn lára òbí lè hàn lára ọmọ.

Ẹni tí ó bá ń gbin ọ̀pẹ ní agbègbè Ore àti Odigbo lè fi ojú rí èyí. Ọ̀pẹ ágíríìkì tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, lẹ́bàá Benin, ń pèsè irúgbìn rẹ̀, ọmọ irú méjì ni. Dura ni ìyá rẹ̀, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn. Pisifera ni bàbá rẹ̀, kò ní èèpo líle. Tenera ni ọmọ tí wọ́n bí, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ṣa èso abẹ́ Tenera tí Tenera mìíràn gbà lóyún, tí ó sì gbìn ín, nínú mẹ́rin tí ó bá hù, nǹkan bí ọ̀kan yóò padà di Dura, méjì yóò jẹ́ Tenera, ọ̀kan yóò di Pisifera tí kì í sábà so èso gidi. Àwọn olùwádìí méjì, Beirnaert àti Vanderweyen, fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Kóńgò ní ọdún 1941.

Irú ìṣirò yìí ni Gregor Mendel ti rí lára ẹ̀wà, tí ó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1866. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Reginald Punnett, ló fi àpótí onílé mẹ́rin mú un rọrùn.

Àpótí náà ló kan yìgì. Ohun méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú jẹ́nótáìpù rẹ̀: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ara AA dá. Ara AS náà sábà máa ń dá, ṣùgbọ́n ó gbé S pamọ́. SS ni ẹni tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà: ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé, ó ń dí iṣan, ó sì ń fa ìrora nínú eegun.

Kí ọkọ AS àti ìyàwó AS fa àpótí onígun mẹ́rin, kí wọ́n fi ìlà kan là á lóròó, kí wọ́n fi òmíràn là á níbùú. Kí wọ́n kọ A àti S ti bàbá sí òkè, kí wọ́n kọ A àti S ti ìyá sí ẹ̀gbẹ́. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan mú lẹ́tà tí ó wà lókè rẹ̀ àti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí yóò jáde ni AA kan, AS méjì, SS kan. Ti àwọn yòókù nìyí:

AA àti AA: gbogbo ọmọ jẹ́ AA.
AA àti AS: ìdajì AA, ìdajì AS; kò sí SS.
AA àti SS: gbogbo ọmọ jẹ́ AS.
AS àti SS: ìdajì AS, ìdajì SS.
SS àti SS: gbogbo ọmọ jẹ́ SS.

C náà wà láàrin àwa Yorùbá. Bí AS bá fẹ́ AC, ọ̀kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ SC, àìsàn sì ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí gbọ́. Wọ́n rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń bẹ̀rẹ̀ ìpín náà lákọ̀tun. Bí a bá kó tọkọtaya AS 256 jọ, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bí ọmọ mẹ́rin, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí 81 péré ni kò ní rí SS rárá. 175 yòókù yóò rí ó kéré tán ẹyọ kan.

Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 24 nínú 100 ní Nàìjíríà ló gbé S, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àrùn yìí. Ibà ẹ̀fọn ló jẹ́ kí S pọ̀ ní ilẹ̀ wa: ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní àbíkú, tí a sì fi abẹ sí lára. A pe ìyá wọn ní àjẹ́. Àpótí mẹ́rin yìí ti dá ìyá láre: kò sí SS tí bàbá kò fún ní S kan.

Àwọn kan yóò ní kádàrá ni. Nígbà tí Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó yí padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar jẹ́ kó yé e pé láti inú kádàrá kan sí òmíràn ni àwọn ń lọ, bí ẹni tí ó kọ ibi gbígbẹ tí ó da ràkúnmí rẹ̀ sí ibi tútù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tako ìgbáralé Ọlọ́hun.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin mọ jẹ́nótáìpù wọn kí ọkàn tó so mọ́ ọkàn, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti pín ìwé ìpè. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àṣìṣe a máa wà. Kí àwọn òbí béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gba sọ̀dáàkì. Kí àwọn lẹ́mọ́mù béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì.

AS méjì tí wọ́n ti fẹ́ra kò dẹ́ṣẹ̀, yìgì wọn sì dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ti ìyàwó rẹ̀ jáde nítorí èyí. Kí wọ́n tètè ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ tuntun, kí wọ́n má ṣe fi ilé ìwòsàn ṣeré, kí wọ́n dáàbò bo ọmọ náà lọ́wọ́ ibà, kí omi mímu má wọ́n ọn. Kí a má sì fi SS ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá fẹ́ AA, kò sí ọmọ rẹ̀ kan tí yóò jẹ́ SS.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọmọ tí yóò tutù wọ́n lójú. Àmín.