ÌBÒ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ ÀTI ÀWA TÍ A Ń GBÉ SÁRÍÀ

Ọlọ́jà ni mí, n kì í ṣe olóṣèlú, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kò ní í gùn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní káàdì ìdìbò, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà ni wọ́n ti gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ẹ̀rọ ni wọ́n fi dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílé kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá. Ìran ló wò. Bẹ́ẹ̀, òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà, gọ́tà àti ilẹ̀ kíkó sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí gọ́tà bá kún ní Sabon Gari, ṣé alága Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò wá kó o?

Àwọn kan ní àlejò kì í dìbò. Irọ́ ni! Òfin gbà kí ẹni tó ń gbé níbì kan forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì o, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ní kí INEC gbé orúkọ yín wá síhìn-ín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ìbò súnmọ́ tòsí, wọn a máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà ní Samaru, ẹ máa lọ ní méjì méjì, kí àwọn yòókù bá yín ṣọ́ ìsọ̀.