Ìjókòó Tí Kò Wu Ojú

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí. Ìtàn mọ́tò ni n ó fi ṣe é.

Ní 1968, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà ṣe àwọn Dodge Dart kan fún ìdíje eré ìdámẹ́rin máìlì, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnì Hemi sí i. Kí ó lè fúyẹ́, wọn ò fi ìjókòó ẹ̀yìn sí i rárá. Ti iwájú ńkọ́? Ìjókòó tín-ín-rín ti bọ́ọ̀sì kékeré A100 ni wọ́n lò.

Lónìí, ẹni tó fẹ́ tún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe, ìjókòó tó dùn ún wò ni ojú rẹ̀ máa ń wọ̀. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ni.

Ẹ tún gbọ́ o: nínú mọ́tò Chrysler ìgbà náà, wọ́n a máa rí ìwé tí òṣìṣẹ́ fi to ọkọ̀ láàárín sípíríǹgì ìjókòó. Ẹni tó bá sáré ju ìjókòó gbígbó nù, ẹlẹ́rìí ló jù nù yẹn.

Ìtàn iléèwé wa náà ńkọ́? Kí a tó kùn ún ní ọ̀dà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.