Afẹ́fẹ́ Inú: Báwo Lẹ Ṣe Ń Jẹun?

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà, nítorí ọ̀rọ̀ inú kíkún, gígùfẹ̀ àti ìsó ni mo bá wá lónìí. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín, ṣùgbọ́n owó tó ń gbà lọ́wọ́ wa kì í ṣe kékeré. Inú á kàn wú díẹ̀, ẹ ó gbọ́: "Ulcer mi ti dìde o." Ó di ilé olóògùn.

Èmi náà ṣe é rí. Lásìkò ìdánwò, orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Mo ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù kí n má baà sùn, mo sì ń fi ẹlẹ́rìndòdò tútù lé e. Inú mi le bí ìlù. Mo lo oògùn ulcer fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ràn án. Nọ́ọ̀sì kan ló wá bi mí pé, "Báwo lo ṣe ń jẹun?" Kò tiẹ̀ tíì béèrè ohun tí mò ń jẹ.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà méjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé inú wa. Àkọ́kọ́ ni ẹnu. Bí a bá ń sáré jẹun, tí a ń sọ̀rọ̀ tóúnjẹ wà lẹ́nu, tí a ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tí a ń fi straw mu nǹkan tàbí tí a ń mu sìgá, afẹ́fẹ́ là ń gbé mì. Ẹlẹ́rìndòdò àti bíà tún gbé gáàsì tiwọn wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ la máa ń gùfẹ̀ jáde.

Ìkejì, inú ìfun ló ti ń wá. Ẹ̀wà ní irú ṣúgà kan tí ara wa ò lè dà. Tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di gáàsì. Mílíìkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe wọ́n. Kódà, kí ara tó le koko só tó ìgbà 14 lóòjọ́, kò sí àrùn níbẹ̀.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Ẹ jókòó jẹun, ẹ rún un dáadáa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù àti ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wò ó. Ẹ má torí gáàsì pa ẹ̀wà tì o: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ fi omi mìíràn sè é. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ rìn díẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, tí ọmọ bá mu ọyàn tán, ẹ gbé e lé èjìká, kí ẹ máa rọra gbá a lẹ́yìn títí yóò fi gùfẹ̀. Ẹ má sì máa lo oògùn ara ríro fún inú kíkún, àwọn kan lè dá ulcer tí ẹ ò ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé tí a bá ń pe gbogbo nǹkan ní gáàsì, a ò ní mọ ọjọ́ tí kì í ṣe gáàsì. Ìrora àyà tó ń tàn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí mímí ń nira, ẹ má gùfẹ̀ dúró dè é, ilé ìwòsàn ni. Inú rírun tó bẹ̀rẹ̀ nídodo tó wá lọ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, ilé ìwòsàn ni. Ikùn tó wú, tí ẹ̀ ń bì, tí ẹ ò lè yàgbẹ́ tí ẹ ò sì lè só, ìgbẹ́ dúdú tàbí tó lẹ́jẹ̀, ara tó ń rù láìnídìí: ẹ má dúró ra oògùn lọ́nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún àwọn tí kò lè kà á nílé. Ìlú wa á tòrò, ara wa á le.