Ìdí Tí Aṣọ Egúngún Kò Fi Fẹ́ Lẹ́lẹ́ Nínú Eré Orí Fóònù

     

Ìpàdé wa tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi eré kan tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe hàn wá. Egúngún ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ aṣọ rẹ̀ dára, bàtá ń dún, egúngún náà sì ń pòòyì. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń pòòyì tó, aṣọ rẹ̀ dúró gbagidi bí pákó. Bàbá kan láàárín wa wò ó títí, wọ́n sì béèrè pé, "Egúngún tí aṣọ rẹ̀ kò fẹ́, atẹ́gùn wo ni yóò fi súre fún ènìyàn?" Ọmọ náà dorí kodò. Ẹnì kan ní ọ̀lẹ ni ó ń ṣe é. Ẹlòmíràn ní àwọn ará ọ̀run ni kò fọwọ́ sí i, pé ìdí nìyẹn tí aṣọ fi kọ̀ láti gbéra. Nítorí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, ẹ ní kí n wá ṣàlàyé.

Ìbéèrè Bàbá tọ̀nà. Ẹ̀kú kì í ṣe aṣọ lásán. Nígbà tí egúngún bá ń yí, tí ọ̀já aṣọ rẹ̀ fò sókè yí i ká, atẹ́gùn tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde jẹ́ ara ire tí a wá gbà. Ẹni tí ó bá gbé ìrìn aṣọ kúrò lára egúngún ti gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Cryptic Studios ní Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí a ń pè ní City of Heroes. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé láti ṣe é, oníkálukú a sì dá akọni tirẹ̀. Aṣọ gígùn tí ń fẹ́ lẹ́yìn ni a fi ń dá irú akọni bẹ́ẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà jáde, aṣọ ẹ̀yìn kankan kò sí nínú rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n tó fi í kún un, ẹni tí ó bá sì dé ipele 20 nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Wọ́n wá fi ìtàn gbé e lẹ́sẹ̀: wọ́n ní akọni kan tí ń jẹ́ Hero 1 ti bá ogun lọ, pé ìbọ̀wọ̀ fún un ni àwọn akọni tuntun kò fi gbọdọ̀ da aṣọ sẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀rọ kò tíì lè ṣe ni wọ́n sọ di èèwọ̀.

Nínú eré, ìyẹn kò burú. Láàárín tiwa, ó léwu. Bí a bá sọ pé àwọn ará ọ̀run ni kò jẹ́ kí aṣọ náà fẹ́, tí ẹ̀rọ tí ó lágbára bá dé lọ́la tí aṣọ náà sì fẹ́, kí ni a ó sọ fún àwọn ọmọ wa? Wọn yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe hun gbogbo èèwọ̀ wa.

Kí ni ó wá ń dá aṣọ dúró? Kọ̀ǹpútà kò mọ aṣọ. Kókó kéékèèké ni ó mọ̀, tí a so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n. Ẹ̀yin apẹja etí ọ̀sà yìí mọ̀ pé bí a bá fa kókó àwọ̀n kan, yóò fa èkejì. Aṣọ ẹ̀yìn kékeré tí ó ní kókó 20 ní ìbú àti 20 ní òòró ní kókó 400, okùn tí ó so wọ́n pọ̀ sì jẹ́ 760. Bí eré bá fẹ́ lọ geere, ẹ̀rọ ní láti ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ó tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ṣírò ibi tí gbogbo kókó wọ̀nyí wà.

Aṣọ kan nìyẹn. Ká ní ẹ̀kú ní ọ̀já 50, tí ọ̀já kọ̀ọ̀kan ní kókó 200, kókó 10,000 ni. Aṣọ kò sì gbọdọ̀ gba inú aṣọ kọjá. Bí a bá fi kókó kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìyókù, ìwéra náà sún mọ́ mílíọ̀nù 50 fún àwòrán kan ṣoṣo. Ọ̀nà àbùjá wà, ṣùgbọ́n fóònù pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kò lè gbé e. Sángbétò àwọn Ègùn Àgbádárìgì, tí fọ́nrán ara rẹ̀ kò níye, tún le ju èyí lọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìdènà kejì. Ibi tí egúngún dúró sí àti ibi tí ó kọjú sí ni a sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré. A kì í fi aṣọ ránṣẹ́. Bí a bá fi kókó 400 yẹn ránṣẹ́ nígbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, aṣọ ẹnì kan yóò jẹ dátà tí ó ju mẹ́gábáìtì 80 lọ láàárín ìṣẹ́jú 10. Ta ni yóò ra dátà náà? Nítorí náà, fóònù kọ̀ọ̀kan ní ń dá atẹ́gùn tirẹ̀ fẹ́. Ẹni tí ó wà ní Ìyànà-Ìbà àti ẹni tí ó wà ní Porto-Novo lè máa wo egúngún kan náà, ṣùgbọ́n ìfẹ́lẹ́lẹ́ aṣọ tí wọ́n rí kì í ṣe ọ̀kan. Ní ojúde, atẹ́gùn kan ṣoṣo ní ń fẹ́ sí gbogbo wa lára.

Ọmọ wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà sì wà tí ó lè gbà. Àwọn oníṣẹ́ eré máa ń fi egungun díẹ̀ sínú aṣọ, wọn a sì máa mi egungun náà dípò kí wọ́n ṣírò gbogbo kókó. Ẹ má rẹ́rìn-ín: egungun ni yóò gbé aṣọ egúngún. Bí ọ̀já 12 tí ó wà lóde bá ń fò, tí a sì kàn kun ti inú lọ́dà, ojú yóò gbà á.

Ibì kan wà tí èèwọ̀ gidi ti wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ eré sábà máa ń kọ́ ara ènìyàn tán kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹni tí ó bá tú eré náà yóò rí ènìyàn lábẹ́ ẹ̀kú. Èyí ni kí a kọ̀. Kí aṣọ má baà wọlé síra, ohun róbótó mélòó kan tí kò ní ojú tó. Ẹ̀rọ kò nílò ènìyàn níbẹ̀. Bí a bá ṣe é báyìí, iṣẹ́ ẹ̀rọ á fúyẹ́, ìbọ̀wọ̀ ará ọ̀run á sì dúró.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn àgbà pe ọmọ náà padà, kí wọ́n jókòó tì í bí atọ́kùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Òkòkómáìkò ló jẹ́ pé inú fíìmù nìkan ni wọ́n ti mọ egúngún, níbi tí a ti ń fi í ṣe ẹ̀rù. Bí àwa kò bá fi ẹ̀kú tí ó tọ́ hàn wọ́n, ẹlòmíràn yóò fi èyí tí kò tọ́ hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà kọ ọ́ sí ìparí eré rẹ̀ pé ire kò sí nínú fóònù. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ atẹ́gùn wá sí ojúde.

Bí eégún ẹni bá jóòó re, orí a máa yá ni. Kí eégún wa jóòó re. Àṣẹ.