Bí Ẹ Bá Ń Rìnrìn-àjò, Ta Ni Yóò Tọ́jú Ẹja Yín?

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀sìn ẹja ni a fẹ́ jọ sọ lónìí. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa, ní àfonífojì odò Ouémé, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n ń pè ní whedo. Bí odò bá kún, ẹja á bá omi wọlé. Bí omi bá fà, ẹja á kù síbẹ̀. Ẹja bẹ́ẹ̀ ń wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tí a fi owó rà, tí a kó sínú adágún, ojú wa ló ń wò. Ó dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀.

Ènìyàn kò sì lè jókòó ti adágún ní gbogbo ọdún. Òkú lè ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ìgbéyàwó lè wà ní Parakou. Ẹlòmíràn fẹ́ lọ wo ọdún Gààní ní Nikki. Ẹlòmíràn fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kùtọ̀nú fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò burú. Kí ni ká wá ṣe kí ẹja má bàa kú kí á tó dé?

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn kan máa ń ṣe. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n á da oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rò pé ẹja á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Rárá o! Ẹja kò ní àká. Á jẹ ìwọ̀n tó lè jẹ, ìyókù á rì sísàlẹ̀, á sì jẹrà. Ohun tó ń jẹrà nínú omi ń gba afẹ́fẹ́ inú omi, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja ń mí bíi tiwa. Ìdájí ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kéré jù lọ. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, òkú ẹja á ti léfòó. Ẹpìà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà ó lè fara dà á, ṣùgbọ́n omi tó bàjẹ́ jù á pa òun náà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, owó ilé-ìwé ọmọ, lè ṣòfò ní òru ọjọ́ kan. Ebi kọ́ ló pa wọ́n o, oúnjẹ ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹja tó ti dàgbà lè wà láìjẹun fún ọ̀sẹ̀ kan kó má kú. Ara rẹ̀ kì í gbóná bíi tiwa, nítorí náà oúnjẹ díẹ̀ ń gbé e ró. Ọmọ ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ebi bá pa ọmọ àrọ̀, àwọn tó tóbi á máa jẹ àwọn kéékèèké. Nítorí náà, ẹ má rìnrìn-àjò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ ẹja sómi.

Àwọn tó ń sin ẹja wẹ́wẹ́ sínú àpótí gíláàsì ní ìlú ńlá nítorí ẹwà, òfin kan náà ni tiwọn. Omi wọn kéré, ó sì tètè ń bàjẹ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe nìyí:

1. Ẹ wo omi ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ẹ kò bá rí àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ kí omi tó dé ìgbọ̀nwọ́, omi ti ki jù. Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ sí i mọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà.

2. Ẹ wo etí adágún àti àwọ̀n ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde. Lóru òjò, àrọ̀ lè wọ́ jáde lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bu omi kún un kí ẹ tó lọ.

3. Ẹ wọn oúnjẹ. Ẹja tó tó kílò 50 lè jẹ nǹkan bíi kílò 1 àbọ̀ lójúmọ́. Bí ẹ kò bá sí nílé, ìdajì rẹ̀ tó. Ẹ di ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ ti àpò ìyókù mọ́ yàrá, kí aláàánú má baà fi kún un.

4. Ẹ yan àgbàlagbà. Ẹ má rán ọmọdé nìkan lọ sí etí omi. Kí ẹni náà ṣe é lójú yín fún ọjọ́ méjì.

5. Ẹ kọ ìwé sílẹ̀ fún un. Ìwé tí ẹ kọ́ nìyí, ẹ lò ó! Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Fún wọn ní ọ̀rá kan láàárọ̀, bí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́ tán, má fún wọn lọ́jọ́ kejì. Bí ẹpìà bá ń gbé ẹnu sókè omi, má fún wọn lóúnjẹ rárá. Da omi tuntun sí i láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé. Bí o bá rí òkú ẹja, yọ ọ́, kí o sì rì í mọ́lẹ̀. Má jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, pè mí."

Ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sísàlẹ̀. Bí ẹni náà kò bá tíì mọ̀wé, ẹ ya oòrùn kan àti ọ̀rá kan fún un. Bí ó bá jẹ́ Baríbá tàbí Fúlàní, ẹ fi èdè tó gbọ́ ṣàlàyé fún un.

6. Bí ẹ bá dé, ẹ má sọ pé ebi ti pa wọ́n, kí ẹ wá da oúnjẹ rẹpẹtẹ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e:
Kí ló dé tí oúnjẹ púpọ̀ fi ń pa ẹja?
Ta ni ẹ lè fi adágún yín lé lọ́wọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
Kí olúkúlùkù kọ ìwé tirẹ̀ wá sí kíláàsì tó ń bọ̀.